Ta Ni Ọlọ́rọ̀? Àtúnkà Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ọ̀rọ̀ ìwé ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Inú ọgbà ilé kéwú wa ní Bàrígà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi ayẹyẹ wòlímọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n parí Kùránì. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì láàárọ̀ tí wọ́n sì ń wá sọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, ní àwọn fẹ́ fi eré díẹ̀ dá àwọn òbí lára yá kí oúnjẹ tó dé. Wọ́n mú nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ibi tí ó gbóná jù ni wọ́n sì mú, ibi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ́ Adétutù ẹrúbìnrin lórí nítorí pé ó lóyún.

Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ ni ó ṣe Ẹfúnṣetán. Ó wé gèlè ga bí òrùlé, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ débi pé àwọn ìyá tí wọ́n jókòó síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un. Ẹnu yà wá. A pàtẹ́wọ́. A tilẹ̀ dìde dúró pàtẹ́wọ́.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹja yíyan ni ó ń tà. Etí omi ní Ìlàjẹ ni ó ti máa ń rà á, níbi tí èèyàn ti ń wo afárá Third Mainland lọ́ọ̀ọ́kán. Kò bímọ. Nígbà tí ìjì ọdún kan ṣí páànù orí ilé kéwú wa, òun ni ó ra páànù mẹ́wàá àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i. Ọmọ mẹ́ta ni ó ń san owó ilé kéwú fún, kò sì bá ọ̀kankan nínú wọn tan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń mú owó náà wá, yóò tú u láti etí ìró rẹ̀, yóò kà á sí wa lọ́wọ́, yóò sì jókòó díẹ̀ gbọ́ bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń ké álífù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn wòlímọ̀ náà, ó ń kọjá lọ níwájú ilé kéwú pẹ̀lú igbá ẹja lórí. Ọmọkùnrin kan kígbe lójú fèrèsé pé, "Ẹfúnṣetán ń bọ̀ o!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò wẹ̀yìn. Láti Jímọ̀ yẹn ni ó ti ń fi owó náà rán ọmọdé sí wa. Òun fúnra rẹ̀ kò wọlé mọ́.

A kò na ọmọ náà. A pè é, a bi í léèrè ohun tí ó rí tí ó fi pe ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àáfà, kò bímọ, ó sì lówó." Olówó kẹ̀! Obìnrin tí ń ru ẹja! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí ní ìdí. Nítorí pé kò sí ọmọ tí ń bá a ná èyí tí ó ní, àdúgbò ti fún un ní owó tí kò ní. Ọmọ náà kò sì dá a rò. Eré ni ó kọ́ ọ, àwa olùkọ́ ni a sì gbé eré náà síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi wá ẹ̀dà ìwé náà jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya láti ìgbà tí àwa náà wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí a sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí a tó bá òǹkọ̀wé jiyàn, ẹ jẹ́ kí á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1970 ni ìwé náà jáde. Láti ìgbà náà, àìmọye ọmọ ilé-ìwé ni ó ti kà á fún ìdánwò, àwọn òṣèré ti gbé e sórí ìtàgé káàkiri, a sì ti fi ṣe fíìmù. Ìṣọ̀lá kú ní 2018, eré yìí kò bá a kú. Èdè inú rẹ̀ jinlẹ̀ láìṣòro. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àgbà ṣe ń fi òwe halẹ̀, tí ó sì ń fi òwe bẹ̀bẹ̀, kí ó lọ kà á. Ó pẹ́ tí a ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí pé kí wọ́n má ṣe fi èdè Yorùbá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, a kò sì ní yí ọ̀rọ̀ wa padà.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, bí eré náà ṣe lọ nìyí. Ẹfúnṣetán ni Ìyálóde Ìbàdàn. Ó lówó, ó lóko, ó lẹ́rú, ṣùgbọ́n kò lọ́mọ. Ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin kankan kò gbọ́dọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin kankan kò sì gbọ́dọ̀ fún un lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Àwọn èèyàn bẹ̀bẹ̀ títí, ó kọ̀, wọ́n bẹ́ Adétutù. Ọ̀rọ̀ náà ká ìlú lára, Látòósà àti àwọn olóyè dìde sí i, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí òun náà wá di ẹrú. Ó gbé májèlé jẹ, ó kú.

Kí wá ni eré náà ní ó ba ọrọ̀ obìnrin yìí jẹ́? Àìrí ọmọ bí ni. Ẹnu Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ: nítorí pé Ọlọ́run kò fún òun lọ́mọ, ẹnikẹ́ni kò ní bí i lójú òun. Ẹni tí ó ń wo eré náà yóò lọ sílé pẹ̀lú ìṣirò kan lọ́kàn: owó láìsí ọmọ, ìkà ni ó ń dà. Ìṣirò yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo orúkọ tí a ń sọ ọmọ, Ọmọ́boríowó, Ọmọ́lọlá. A ní ọmọ laṣọ. Bí a bá rí olówó tí kò bímọ, a kì í ka owó rẹ̀ sí owó, ohun tí a ń béèrè ni ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Òǹkọ̀wé kàn mú ohun tí ó ti wà ní ẹnu gbogbo wa, ó wọ̀ ọ́ láṣọ Ìyálóde ni.

A kó àwọn ọmọ náà jọ ní ọjọ́ Sátidé kan, a ní kí wọ́n bá wa tún eré náà yẹ̀ wò. A bi wọ́n pé ta ni ọlọ́rọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ní Ẹfúnṣetán. A bi wọ́n pé ta ni ọlọ́rọ̀ ní Bàrígà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka mọ́tò fún wa, wọ́n mọ ti ẹni tí ó dé láìpẹ́, wọ́n mọ iye ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ mọ iye tí wọ́n rà á, bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, kò sì bìkítà. Ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ Adétutù ni ọmọbìnrin tí ó ṣe Ẹfúnṣetán gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àáfà, ṣé bí ó bá bímọ, kò ní pa á ni?"

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a ti bi ara wa láti ogójì ọdún sẹ́yìn ni ọmọ yìí bi wá. Ẹ jẹ́ kí á fi eré sílẹ̀ ná, kí á lọ sí ìtàn, nítorí pé Ẹfúnṣetán kì í ṣe àròsọ.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ pé àwọn ẹrú tí ó wà lóko obìnrin yìí nìkan tó 2,000, láìka àwọn ti inú ilé. Òun náà ni ó kọ ọ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, obìnrin, kú sórí ìkúnlẹ̀, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti di òǹrorò sí ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Nítorí náà Ìṣọ̀lá kò hu ìkà náà dá láti inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó kígbe lójú fèrèsé kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ti bímọ rí, ó sì sin ín.

Kì í sì í ṣe nítorí Adétutù kan ni wọ́n ṣe pa á. Oníṣòwò ńlá ni. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó sì ń tà á láwìn fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn tí wọ́n ń lọ sógun. Nígbà tí Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ogun dé, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kàn án: kò bá òun lọ sógun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Kò sí oyún nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹrúbìnrin tí wọ́n bẹ́ lórí. Àwọn òpìtàn òde òní, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ nínú ohun tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1992, ti jẹ́ kí ó yé wa pé obìnrin yìí ti ń tako ogun Látòósà, àti pé gbèsè tí àwọn ológun jẹ ẹ́ kò kéré nínú ọ̀ràn náà. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtanràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1874, wọ́n fún Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ sì gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́ lóru, wọ́n pa á lójú oorun.

Mùsùlùmí ni Látòósà. A kò ní fi èyí pamọ́ nítorí pé ìwé ìròyìn Mùsùlùmí ni a ń kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìtàn àti eré sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú eré, Ẹfúnṣetán kú nítorí ohun tí kò ní. Nínú ìtàn, ó kú nítorí ohun tí ó ní. Kí sì ni ó ní? Ó ní gbèsè lọ́rùn àwọn alágbára, ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó sì ní idà lọ́wọ́ mọ ọ̀nà kan tí ó yá jù láti fi san án. Ó ní èèyàn 2,000 tí ó ń kà bí a ti ń ka iṣu nínú àká. Ohun tí ó pè ní ọrọ̀ gan-an ni ó dìde ní òru, tí ó gba orí àjà wá bá a.

Níbi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó jù lójú wa nìyí. Ó bá Ẹfúnṣetán wí nítorí pé ó bẹ́ ẹrú lórí, kò dúró bi wá léèrè ohun tí ó sọ Adétutù di ẹrú. Àwọn olóyè ogun tí wọ́n wá dá ẹrú sílẹ̀ ní ilé Ìyálóde, nínú ìtàn, àwọn náà ní ẹrú rẹpẹtẹ ní ilé tiwọn. Ogun tí wọ́n ń jà ni ó ń kó àwọn ẹrú náà wá. Wọ́n sì bímọ! Ọmọ wọn pọ̀! Ẹ wo bí eré náà ṣe parí: a dá àwọn kan sílẹ̀ nínú ẹrú, lẹ́sẹ̀ kan náà a sọ ẹlòmíràn di ẹrú, àwọn òǹwòran sì ń hó yèè. A rí ìdáhùn fún ọmọbìnrin yẹn. Bí ó bá bímọ mẹ́wàá, Adétutù yóò ṣì jẹ́ ẹrú, ọmọ inú rẹ̀ yóò sì di ẹrú àwọn ọmọ mẹ́wàá náà.

Nínú Súrá Káfì, tí púpọ̀ nínú wa máa ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọlọ́hun ka owó àti ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Ó sì pe méjèèjì ní ọ̀ṣọ́ ayé yìí. Ẹ kíyè sí i pé kò ní ọmọ ni yóò mú kí owó pé, kò sì ní owó ni yóò mú kí ọmọ pé. Ọ̀ṣọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn tí kò rí gèlè wé kò tíì di ẹranko.

Ìyá wa Àíṣà, aya Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kò bímọ kankan. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Abdullahi. Wọ́n gbà á wá pé wọ́n kó 100,000 dírámù wá fún un lọ́jọ́ kan tí ó ń gbààwẹ̀. Kí ó tó ṣínu, ó ti pín in tán. Ọmọbìnrin tí ń ràn án lọ́wọ́ nílé ní ṣé kò lè yọ dírámù kan sílẹ̀ kí wọ́n fi ra ẹran ni. Ó ní bí ó bá ti rán òun létí ni, òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. A fẹ́ràn ìdáhùn yẹn púpọ̀. Kò fi wàásù fún ọmọ náà. Ó gbàgbé ni.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fẹ́ kí a sọ báyìí, pé ìyá ẹlẹ́ja wa ni ọlọ́rọ̀ gidi, àwọn onímọ́tò ni tálákà. A kò ní sọ ọ́. Sàká kò tilẹ̀ jẹ́ dandan fún un, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ tó iye wúrà tí ó ń lọ sí gírámù 85, tí ó sì pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò yọ ìdá kan nínú ogójì. Tirẹ̀ kò débẹ̀. Àwa oníwàásù fẹ́ràn láti máa fi hádíìsì tí ó ní ọrọ̀ inú ọkàn ni ọrọ̀ tu ẹni tí ebi ń pa nínú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ní lọ́wọ́ tí kò tíì tó o ni ó yẹ kí á máa kà á sí létí. Ẹni tí kò rí owó iléèwòsàn san kò lọ́rọ̀, ẹ má jẹ́ kí á tàn án jẹ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ eré, lọ́wọ́ orin àdúgbò, lọ́wọ́ fíìmù tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù, kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi olówó hàn wá, kí wọ́n fi àwọn tí ó wà lábẹ́ owó náà hàn wá pẹ̀lú. Ta ni ó ṣiṣẹ́ rẹ̀? Ta ni ó sunkún nígbà tí ó ń wọlé? Ta ni yóò sùn dáadáa bí ẹni náà bá wà láàyè lọ́la? Ogún ọdún lẹ́yìn ikú Ẹfúnṣetán, ní oṣù keje 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó. Mohammed Shitta, tí ó rí owó nínú òwò lórí odò Ọya, ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá nítorí rẹ̀. Ní 1895 ó kú, kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ kírun níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń kírun níbẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ojú rẹ̀. A kò sọ pé kí olówó kọ́ mọ́ṣáláṣí bo ohun tí ó ṣe o. Ẹni tí ó bá fi owó olówó kọ́ ọ, kò kọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n páànù mẹ́wàá wà lórí wa bí a ti ń kọ èyí, òjò sì ń rọ̀.

Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà dára, a ó sì tún kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe é, a ti ní kí wọ́n ṣe ti Adétutù àti Ìtáwuyì kí oyún náà tó hàn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n mọ̀, tí wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n yọ̀ tàbí kí wọ́n sá. Bí a ṣe rò ó, níbẹ̀ ni ẹnìkan ti ní ohun kan tí kò lè rà, tí ẹlòmíràn sì ní agbára láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A lọ sí ilé ìyá náà, àwa àti ọmọkùnrin yẹn àti ọmọbìnrin tí ó ṣe Ẹfúnṣetán. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n dìde, ó fún wọn ní omi. Ó ní òun wà lẹ́yìn ọgbà lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, òun gbọ́ gbogbo eré náà, ó dùn. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ta ni ó wé gèlè yẹn fún un. Ọmọ náà ní òun ni òun wé e fúnra òun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọdé ni ó tún mú owó náà wá.